Òróró Lára Ríìmù

Ilé wa ní Dọ̀pẹ̀mú ni wọ́n máa ń kó àwọn kẹ̀kẹ́ náà wá. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo ń sọ o, kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó èrò. Tó bá ti ku oṣù kan kí ọjọ́ kẹ̀kẹ́ àdúgbò pé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn dé: èyí tó ti wà lábẹ́ àtẹ̀gùn láti ìgbà tí ẹni tó ni ín ti fẹ̀yìn tì, èyí tí adìyẹ ń sùn lé lórí, èyí tí wọ́n ti sọ di ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ẹni tó gbé e wá ò ní tijú. Á ní, "Bàbá, díẹ̀ ló kù kó pé." Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe fítà, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Orẹ́gùn, mo sì mọ ohun tí "díẹ̀ ló kù" túmọ̀ sí. Ó túmọ̀ sí pé agogo nìkan ló ṣì ń dún.

Ẹgbẹ́ àdúgbò ló dá ọjọ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí a wà lọ́dọ̀ọ́, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí ojú ọ̀nà Agége sí Ìkẹjà á ti kún fún kẹ̀kẹ́. Àwa òṣìṣẹ́ ni. Àwọn kan á dúró ní Ìkẹjà, àwa kan á tẹ̀ síwájú sí Orẹ́gùn, àwọn mìíràn á kọjá lọ sí Ìlúpéjú, oúnjẹ ọ̀sán oníkálukú lórí káríà. Nígbà tó yá ni ọkọ̀ òṣìṣẹ́ dé, kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tán lójú títì. Nígbà tó tún yá ni àwọn ilé-iṣẹ́ fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Èyí tí mo ti ṣiṣẹ́ ti di ibi tí wọ́n ń kó ọjà pamọ́ sí. Tí àwa tó kù bá jókòó, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ la máa ń sọ, títí ẹnì kan fi ní dípò ká máa fi ẹnu gùn ún, ẹ jẹ́ ká gùn ún gan-an lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tọmọdé tàgbà, láti Dọ̀pẹ̀mú dé Orẹ́gùn, ká sì padà, kí ọlọ́pàá máa bá wa dá ọkọ̀ dúró. Wọ́n fi mí ṣe olórí àtúnṣe. Mi ò du ipò náà. Kò sí ẹlòmíì tó mọ iṣẹ́ náà ni.

Aṣọ àdúrà ni ìyàwó mi ń rán. Ilé aṣọ funfun ni wọ́n bí i sí, Mùsùlùmí ni wọ́n bí èmi, Ìjẹ̀bú sì ni àwa méjèèjì. Nígbà tí a fẹ́ra, àwọn ẹbí wa rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni yóò tú wa ká. A ò jà lórí ẹ̀sìn rí. Àdéhùn wa ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi àdúrà ẹnì kejì ṣẹ̀sín. Tí mo bá ń kírun, á dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ títí máa fi sálámà. Tí òun náà bá wọ sùtánà, tó bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń ṣe, tó fẹsẹ̀ lásán lọ sí ìsìn, èmi ni mo máa ń gbé bàtà náà wọlé kí òjò má baà pa á. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n la ti fi ṣe bẹ́ẹ̀.

A ò bímọ. Nítorí náà kò sí orúkọ ọmọ tí a lè fi pe ara wa. Bọ̀ọ̀dá mi ló ń pè mí. Ìyàwó ni mo ń pè é, kódà nígbà tí orí rẹ̀ ti funfun.

Ní ọdún tó kọjá, nígbà tó ṣì ku oṣù márùn-ún kí ọjọ́ kẹ̀kẹ́ pé, mo ń tún kẹ̀kẹ́ tèmi ṣe, ó wá dúró lẹ́yìn mi, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kọ́ mi." Mo rẹ́rìn-ín. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta! Ó ní kẹ̀kẹ́ kan wà nílé bàbá òun ní Ìjẹ̀bú, òun lọmọ tó kéré jù, gbogbo ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ló fi kọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan òun náà jí i gbé, ó ti ẹsẹ̀ bọ abẹ́ irin àárín, ó sì ti lọ tó ilé mẹ́ta kí wọ́n tó rí i. Wọ́n nà án. Wọ́n ní ọmọbìnrin tó bá gun kẹ̀kẹ́ ò ní bímọ. Ó sọ ìtàn yìí tán, ó wò mí, ó ní, "Mi ò gùn ún, mi ò sì bí. Kí ni mo tún ń dúró dè?"

Pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa ni mo ti ń kọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ọmọ bá ti lọ tán. Mo bá a wá kẹ̀kẹ́ kékeré kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irin àlòkù ní Agége, mo tún un ṣe, mo kùn ún ní búlúù, mo rẹ ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fi lè kan ilẹ̀. Èmi á di ẹ̀yìn ìjókòó mú, á máa wà á, èmi á máa sáré tẹ̀lé e, èmi tí orúnkún ń dùn. Mo sì máa ń pariwo. Ẹni tí ẹ̀rọ ti ké mọ́ létí fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ariwo ló fi ń sọ̀rọ̀. "Wo iwájú! Má wo ẹsẹ̀ rẹ! Mo ní má wo ẹsẹ̀!" Á dá mi lóhùn láìwẹ̀yìn pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, kẹ̀kẹ́ yìí ò dití o." Ó ṣubú títí ó fi mọ gbogbo òkúta inú pápá náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní oṣù kẹta tí mo ti ń kọ́ ọ, mo yọwọ́ láìsọ fún un. Ó yí pápá po. Nígbà tó padà yọ níwájú mi, tó rí i pé ibi tí mo ti yọwọ́ ni mo ṣì dúró sí, pé kò sẹ́ni kankan lẹ́yìn òun, ó figbe ta, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ké, kò sì rántí bí wọ́n ṣe ń dúró. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ náà bí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Mi ò sọ fún un. Ohun tí mo sọ ni, "Bíréèkì! Fa bíréèkì!"

Láti ọjọ́ náà kò sí ọ̀rọ̀ míì nílé wa ju ọjọ́ kẹ̀kẹ́ lọ. Ó rán ẹ̀wù aláwọ̀ ewé fún gbogbo ẹgbẹ́, ogójì, ó sì fi òwú funfun ya àmì kékeré sí ọrùn tiẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e. Tó bá ń lọ sí ìsìn, á yà wo kẹ̀kẹ́ búlúù náà. Tó bá dé, á tún yà wò ó.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ kan. Ogójì kẹ̀kẹ́ ti tò sí àgbàlá wa, mo ti tún gbogbo wọn ṣe tán. Mi ò mọ̀ pé ní ìsìn Ọjọ́rú, ìyá aríran kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti rí i lójú ìran pé àwọn èèyàn kan ń ṣubú lójú títì. Ìyàwó mi ò sọ fún mi. Nígbà tí mo lọ kí Jímọ̀, ó wọ sùtánà, ó bọ́ bàtà, ó tan àbẹ́là, ó ka sáàmù, ó mú ìgò òróró ólífì àti òwú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òróró àdúrà náà pa ẹsẹ̀ àwọn kẹ̀kẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò fi pa táyà nítorí eruku. Irin tó ń dán tó yí ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ìyẹn ríìmù, òun ló fi pa, lápá òsì, lápá ọ̀tún. Ọgọ́rin ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn ún.

Ẹni tó bá mọ kẹ̀kẹ́ mọ̀ pé ara ríìmù yẹn ni rọ́bà bíréèkì máa ń dì mọ́. Tí òróró bá ti kàn án, kò sí bíréèkì mọ́. Ṣéènì ni wọ́n ń fi òróró sí. Ìyàwó mi ò mọ̀, ta ni ì bá sì ti sọ fún un bí kò ṣe èmi? Bí wọ́n ṣe ń fa bíréèkì ni mo kọ́ ọ. Mi ò fi ohun tó ń dá kẹ̀kẹ́ dúró hàn án.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, gbogbo ẹgbẹ́ pé síwájú ilé wa láti dán kẹ̀kẹ́ wò. Ìyàwó mi ti wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, ó ti dé akoto funfun, ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó di ọwọ́ ọmọ mú lójú títì. Ọ̀nà ilé wa dà gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, sí ibi tí ọkùnrin kan ti ń gé búlọ́ọ̀kù. Wọ́n ní kí olórí àtúnṣe kọ́kọ́ lọ. Mo gun kẹ̀kẹ́ tèmi, mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa, mo fẹ́ fakọ. Nígbà tí mo dé ìdajì ọ̀nà, mo fa bíréèkì. Kò dáhùn. Mo fa méjèèjì pọ̀. Kẹ̀kẹ́ ń bá tiẹ̀ lọ. Mo já sáàárín búlọ́ọ̀kù tútù tí ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, mo dàyà bò wọ́n, wọ́n sì fọ́ mọ́ mi lára.

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn. Gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ń pariwo láti òkè pé, "Olórí àtúnṣe! Olórí àtúnṣe!" Sìmẹ́ńtì wà ní imú mi. Mi ò fara pa, ojú ló ń tì mí. Mo fọwọ́ kan ríìmù, ọwọ́ mi yọ̀. Mo gbé e sí imú, mo sì mọ òórùn náà lójú ẹsẹ̀, torí òun náà ló máa ń wà lára ìyàwó mi tó bá ti ìsìn dé.

Òun ló kọ́kọ́ sáré dé ọ̀dọ̀ mi. Inú rẹ̀ dùn. Ohun tí mi ò lè gbàgbé nìyẹn. "Olúwa ṣeun o! Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ò fara pa! Wọ́n ti rí i lójú ìran. Òróró yẹn ni, mo fi pa gbogbo ẹsẹ̀ wọn lánàá. Ẹ wo ara yín, ẹ ò tiẹ̀ ya lára!"

Àwọn tó kù ti sọ̀ kalẹ̀ bá wa. Ẹ̀rín wọn ò tíì tán. Mo dìde nínú sìmẹ́ńtì, mo sì sọ ọ́, kíkan ni mo sì sọ ọ́, bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Mo ní, "Òróró! Ṣé kì í ṣe òróró yìí kan náà ni wọ́n fi ń pa ọ́ níkùn fún ogún ọdún? Kí lo rí bí?"

Ẹ̀rín dá. Obìnrin kan ní "Háà!" ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Àgbàlagbà kan nínú wa sọ ọ́ kẹ́lẹ́ pé ẹyin lohùn. Mo ti mọ òwe yẹn láti kékeré. Mímọ̀ tí mo mọ̀ ọ́n ò ṣe mí láǹfààní kankan.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo mọ̀ nígbà tí mo la ẹnu yẹn. Ní ọdún kẹfà tí a ṣègbéyàwó, ìyàwó mi lọ sí ilé-ìwòsàn kan, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò látòkèdélẹ̀. Ó dé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, dókítà ní kò sóhun tó ṣe mí. Ó ní kí ẹ̀yin náà wá." Mo ní ta ni dókítà náà, ta ló ń ránṣẹ́ pè. Mo ní tó bá tún mẹ́nu kàn án, á padà sílé bàbá rẹ̀. Ó ká ìwé náà, ó fi sábẹ́ aṣọ, kò sì mẹ́nu kàn án mọ́. Ìyá mi wá, ó pè é ní àgàn níwájú mi. Àwọn àbúrò mi obìnrin wá, wọ́n sọ tiwọn. Á kúnlẹ̀ kí wọn, á se oúnjẹ fún wọn, á sin wọ́n dé ibi ọkọ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Wọ́n ní kí n fẹ́ ìyàwó míì, mo kọ̀, gbogbo àdúgbò sì ń yìn mí pé ọkùnrin gidi ni mí, pé ìfẹ́ ni. Kì í ṣe ìfẹ́ nìkan. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí ẹnì kejì náà ò bá lóyún ńkọ́?

Nítorí náà, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, gbólóhùn kan péré ti tó fún un láti fi pa mí. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ṣí. Mo dúró dè é. Ó pa á dé. Ó bọ́ akoto rẹ̀, ó gun òkè padà lọ sílé, nígbà tó sì jáde, ó gbé korobá omi, ọṣẹ àti àkísà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwọn ríìmù náà. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, lẹ́yìn wọn àwọn ọkùnrin. Mo dúró sísàlẹ̀ níbẹ̀, mi ò lè gòkè, títí ọkùnrin tó ni búlọ́ọ̀kù fi sọ fún mi pé, "Bàbá, ẹ lọ wẹ̀ kí sìmẹ́ńtì yẹn tó gan."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó mi. Ó ní kí n dìde, pé kò sí nǹkan kan. Nígbà tí ọjọ́ kẹ̀kẹ́ pé, ó lọ ẹ̀wù mi, ó mú un fún mi. Ẹ̀wù tó ya àmì sí lọ́rùn, ó ti fún obìnrin kan tó wá pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ láti Ìkẹjà. Ó so kẹ̀kẹ́ búlúù náà kọ́ sára ògiri lábẹ́ páànù. Mo ní, "Ìyàwó, jọ̀ọ́." Ó ní òun ní aṣọ tí òun fẹ́ parí.

A lọ, a sì bọ̀. Kò sẹ́ni tó ṣubú lọ́nà, ẹni tó máa ṣubú ti ṣubú. Nígbà tí mo wọlé, ó ní, "Ẹ káàbọ̀. Oúnjẹ wà nílẹ̀." Mo dúró de ìyókù rẹ̀. Ó ti bọ́ sórí ẹ̀rọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, fún odidi ọdún kan, kò pè mí ní Bọ̀ọ̀dá mi mọ́. Ẹ káàárọ̀. Ẹ jẹun. Ẹnì kan ń kanlẹ̀kùn. Kò bínú, kò di ẹrù, kò fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Tí mo bá ń kírun, ó ṣì ń dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Èmi tí mo da àdéhùn, òun ló ń pa á mọ́ fún àwa méjèèjì.

Ìgbà tí iṣẹ́ ọdún yìí dé, tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kẹ̀kẹ́ wá, mo ṣe é pẹ̀lú ọkàn tó bàjẹ́. Mo lẹ táyà, mo na sípóòkù, mo pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì. Mi ò fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ búlúù náà. Afẹ́fẹ́ ti tán nínú táyà rẹ̀ méjèèjì, aláǹtakùn ti ta sí ọwọ́ rẹ̀, mo sì máa ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì kí n má baà rí i. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ nínú ọjọ́ kẹ̀kẹ́ ọdún yìí: kí ìyàwó mi gùn ún. Mo rò ó títí, mo sì rí ọ̀nà kan, tàbí mo rò pé mo rí i. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní gbangba, gbangba náà ló yẹ kí n ti kó o jẹ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú, lẹ́yìn ìrun, ẹgbẹ́ ṣèpàdé ìkẹyìn, wọ́n sì ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú kẹ̀kẹ́ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo ní kí wọ́n má fi epo kan ríìmù, pé ṣéènì ni wọ́n ń fi epo sí. Àwọn kan wolẹ̀, wọ́n rántí. Mo wá ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ìyàwó mi lójú yín lọ́dún tó kọjá, irọ́ ni. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò sóhun tó ṣe é. Èmi ni wọ́n ní kí n wá, mi ò sì lọ. Títí dòní mi ò lọ." Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó máa wò. Alága ẹgbẹ́ wúkọ́, ó ní a dúpẹ́ o, ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ omi tí a máa mu lọ́nà. Ara mi fúyẹ́. Mo rìn délé bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù lórí rẹ̀ kalẹ̀.

Fóònù rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà tí mo wọlé. Kò ránṣọ. Ó ní, "Wọ́n ti pè mí."

Mo ní, "Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ ni."

"Àwọn wo? Àwọn oníkẹ̀kẹ́?" Ohùn rẹ̀ ò ròkè. "Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi bo àṣírí yín. Ìyá yín kú, kò mọ̀. Ìyá tèmi kú, ó rò pé èmi ni. Lọ́jọ́ tí ẹ bú mi lójú gbogbo ayé, mo gbé e mì. Ẹ wá lọ tú u síta láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ara lè tù yín."

"Ìyàwó..."

"Àwọn ẹgbẹ́ mi ń tọ́mọ. Àṣírí yẹn ni mo tọ́ nínú ilé yìí. Tèmi ni. Ẹ ò tiẹ̀ bi mí."

Ó fi ẹsẹ̀ sórí ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ, mo sì jáde sí àgbàlá nítorí mi ò mọ ibòmíì tí mo lè lọ.

Obìnrin tó ń gbé yàrá kejì sí wa wà níta, ó ń ká aṣọ tó sá. Kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ ti rí i àbí? Màmá ní kí n má tíì sọ fún yín. Lọ́sàn-án nígbà tí ẹ lọ kírun ni wọ́n sọ kẹ̀kẹ́ wọn kalẹ̀. Èmi ni mo bá wọn fẹ́ atẹ́gùn sí i. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ẹ kàn ṣàdédé rí àwọn láàárín ẹgbẹ́ lọ́la ni."

Kẹ̀kẹ́ búlúù náà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Wọ́n ti nu òwú aláǹtakùn kúrò lára rẹ̀. Táyà rẹ̀ le koko. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kan ríìmù rẹ̀, ó gbẹ, ó mọ́ tónítóní. Mo wá fọwọ́ kan ṣéènì. Òróró ni, ólífì, ó ti fi òwú pa á ní egungun kọ̀ọ̀kan, fọ́nrán òwú kan ṣì há sí i. Mo wo ṣéènì kẹ̀kẹ́ tèmi. Ó ti pa òun náà. Méjèèjì yẹn nìkan ló pa nínú gbogbo kẹ̀kẹ́ tó wà níbẹ̀. Ó ti lọ bi ẹnì kan léèrè ibi tí wọ́n ń fi òróró sí.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Mò ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ nínú ilé, kò dáwọ́ dúró. Ogójì ló yẹ ká jẹ́, mọ́kàndínlógójì ni wá. A gba Agége, a gba Ìkẹjà, ọlọ́pàá ń dá ọkọ̀ dúró fún wa, àwọn èèyàn ń juwọ́ láti ẹ̀bá ọ̀nà. Òróró ólífì kì í ṣe epo ṣéènì, eruku máa ń tètè mú un, fítà kankan ò sì ní fi sí kẹ̀kẹ́. Mò ń tẹ́tí sí ṣéènì náà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Títí mo fi dé Orẹ́gùn, kò dún lẹ́ẹ̀kan.